Wọ́n Sọ Ìyá Àgbà Mi Di Ará Ìkòyí

"Ta ni wọ́n ń kì yẹn?" Ohun tí ìyá àgbà mi wí nìyẹn nígbà tí mo ń ka ìwé ìtàn ìdílé tí mo san ₦180,000 fún sí wọn létí. Mo rò pé wọn ò gbọ́ dáadáa ni, mo tún un kà sókè: "Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn..." Màmá wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ wọn. "Ṣé wọ́n ti tà mí sí Ìkòyí ni?"

Ọmọ Ọ̀fà ni wá. Ìyèrú Ọ̀kín, Olọ́fà mojò. Ọmọdé ilé wa pàápàá mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó tẹ ìwé náà kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan. "Ofa" ló kọ. Nígbà tó ń wá oríkì tí yóò fi kún un, oríkì àwọn jagunjagun Ìkòyí, tó ní ọfà tí wọ́n ń ta nínú, ló bá pàdé. Ìlú odidi di ohun ìjà.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìwé náà lórí WhatsApp. Ọkùnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó ní ìwé ti jáde, àtúntẹ̀ á jẹ́ ₦25,000. Mo ní àṣìṣe ta ni? Ó dákẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ó wá fèsì: "Mà, oríkì ṣáà ni oríkì." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí n má purọ́, ìwé náà dì dáadáa. Wọ́n tún fọ́tò bàbá àgbà tó ti ṣá ṣe débi pé mo rí ilà ojú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ náà tó wá gba ohùn Màmá sílẹ̀ ló pè mí fúnra rẹ̀. Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, kò béèrè ọdún tí wọ́n bí Màmá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, kí lẹ ń ṣe?" Màmá ní àwọn ń gúnyán fún ìyá ọkọ àwọn, ìyàwó tuntun làwọn nígbà náà, àwọn sọ ọmọ odó nù, àwọn sá wọlé. May 1947 nìyẹn, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé Ọ̀fà, ó fi ohùn Màmá fún Màmá gbọ́, kí wọ́n lè jọ tún oríkì náà kọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohùn ara wọn jiyàn? Níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn ọmọ bàbá wọn, wọ́n pariwo: "Dá a dúró! Irọ́ ni obìnrin yẹn ń pa." Ìyàwó kejì bàbá wọn ní ọmọkùnrin kan tí Màmá kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí, nítorí ìjà tó wà láàárín àwọn ìyálé àti ìyàwó. Kumasi ló lọ ṣòwò. Ní November 1969, ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ọ̀fà ń bọ̀ tọmọ tẹrù. Òun kò bá wọn dé. Màmá ní ojoojúmọ́ làwọn ń lọ dúró ní gáréèjì. Ìyá mi tó jókòó níbẹ̀ kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé. Ọmọbìnrin náà pa ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ Màmá mú, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ìwé tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò sì gba ₦25,000 náà. Àmì ohùn pé. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn wà nínú àtẹ ìran wa, ààyè òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tèmi ni wọ́n wá ṣì kọ báyìí.

Mo ti san àsansílẹ̀ fún ti ẹ̀yìn bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ní ọmọbìnrin yẹn lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.