Precision Time: aago tí fèrè ń dá dúró

Ohun èlò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni Precision Time, èyí tí Mike Costabile, ẹni tó ti ṣe rẹfirí ní NBA, ìyẹn líìgì àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ fún eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Gbohùngbohùn kékeré kan wà lẹ́bàá fèrè rẹfirí, ó sì so mọ́ ẹ̀rọ tí ó fi kọ́ ìgbànú rẹ̀. Bí fèrè bá ti dún, aago dúró, láìdúró de ẹni tó ń ṣọ́ aago nídìí tábìlì kí ó gbọ́, kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ni èyí ń gbà padà, ṣùgbọ́n nínú eré tí òfin NBA tí wọ́n ń pè ní òfin Trent Tucker ti sọ pé ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 0.3 gbọ́dọ̀ kù kí agbábọ́ọ̀lù tó lè gba bọ́ọ̀lù kí ó sì jù ú sáwọ̀n, ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Ní ti dídá aago dúró, mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ aago ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣì ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ní San Antonio lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ìṣẹ́jú-àáyá 0.4 ló kù nígbà tí Derek Fisher, agbábọ́ọ̀lù Lakers, gba bọ́ọ̀lù, tó yí padà, tó sì jù ú wọlé, tí Lakers fi borí pẹ̀lú 74 sí 73. Spurs, ẹgbẹ́ San Antonio, fi ẹjọ́ sùn pé aago pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, NBA kò sì gbà fún wọn.

Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò lè tún un ṣe. NBA ní fídíò, láti ọdún 2014 sì ni wọ́n ti ní ibùdó tí wọ́n ti ń wò ó ní Secaucus, New Jersey. Ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ le fún, torí pé òfin wọn béèrè pé kí rẹfirí ní ìmọ̀ tó dájú nípa àkókò tó sọnù kí ó tó fọwọ́ kan aago. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 8.0 ló kù lórí aago, wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé, aago kò sì rìn. Bí rẹfirí bá ti fi ọwọ́ ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí òfin fún ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù láti gbé e kọjá àárín pápá kí ó tó fọn fèrè, yóò yọ mẹ́ta kúrò, aago yóò di 5.0. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kà, tí kò sì sí ẹ̀rí mìíràn tó dájú, 8.0 náà ni wọn yóò fi máa bá eré lọ.