Àpótí igi ọmọ̀ tí mo fi ń yàwòrán lórí Òkè Ààrẹ

Àpótí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí mo ń kó ọ̀dà sí, tí mo sì ń ya àwòrán lórí ìdérí rẹ̀, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Kàfíńtà kan nítòsí ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn ló kàn án fún mi ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá. ₦32,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Oṣù méje rèé tí mo ti ń gbé e kọ́ èjìká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti dá mi dúró lórí òkè láti béèrè ibi tí mo ti rà á, igi tí wọ́n fi ṣe é, àti bóyá owó náà kò pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn gbogbo rẹ̀ níbí, àléébù rẹ̀ pẹ̀lú.

Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 34 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ ni ti ọmọ inú oyún tí a máa ń yà sínú ìwé nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, ìwọ́ níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni olùkọ́ kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mú mi lọ sí Òkè Ààrẹ láàárọ̀ Sátidé kan. Mo bá àwọn bíi márùn-ún níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bébà àti búrọ́ṣì, wọ́n ń ya òrùlé. Mo jókòó tì wọ́n. N kò tíì dìde nídìí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mẹ́sàn-án ni wá báyìí. Awakọ̀ kan wà, télọ̀ méjì, òṣìṣẹ́ báńkì kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, olùkọ́ yẹn àti èmi. Kò sí ẹni tó ń ti ibẹ̀ jẹun nínú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la ń pàdé, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ayàwòrán ń wá kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ilé kọ̀ọ̀kan ṣì ní òjìji gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á rí ibi tí ògiri ti pẹ̀kun tí òrùlé sì ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, òjìji ti sá wọ abẹ́ ilé, gbogbo ìlú á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ohun èlò tó bá ń gba ènìyàn ní ogún ìṣẹ́jú láti tò, inú wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn ló ti ń jẹ.

Mo ti lo oríṣi méjì ṣáájú èyí. Ọ̀kan jẹ́ oníke tí ọmọ mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti òkèèrè. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n oòrùn oṣù Kejì ká ìdérí rẹ̀ kò, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là, kò sí ẹnìkan ní gbogbo Ìbàdàn tó lè bá mi tún un ṣe. Èkejì ni ẹsẹ̀ igi gíga tó jẹ́ pé inú yàrá ló yẹ kó máa gbé. Mo gbé e gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù sì bà mí dé ibi tí a ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo padà sórí bébà lórí itan, ìbàdí mi sì san owó rẹ̀.

Àpótí yìí fẹ̀ tó ínǹṣì 12, ó gùn tó 10, ó jìn tó 3. Bí ẹ bá ṣí i, ìdérí rẹ̀ á dúró bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀ fún kíkà, ara ìdérí yẹn ni a ó fi kílíìpù mú bébà mọ́. Ìsàlẹ̀ pín sí ojú mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀dà olómi, ọ̀kan fún ibi tí a ti ń pò ó, àyè tóóró kan fún búrọ́ṣì mẹ́rin. Kàfíńtà ri nọ́ọ̀tì irin kan sí ìdí rẹ̀, èyí tó bá skúrù orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ayafótò ń lò mu. Mo ra ẹsẹ̀ mẹ́ta náà ní tòkunbọ̀. Ó tún lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ fún okùn awọ, kí n lè gbé e kọ́ ọrùn bí ẹni tó ń kiri bisikíìtì, tí n kò bá ráyè fún ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ti ń pa ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ igi ló gùn jù láàárín èmi àti kàfíńtà. Ọ̀gánwó ló fẹ́ lò, ó ní ó ń dán, ó sì ń pẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ni màá gbé e gun òkè, ọ̀gánwó sì wúwo. Ó mú àfàrà wá. Àfàrà fúyẹ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà náà ló dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ̀ ṣe é." Igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù ni ọmọ̀. Ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là, ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹ́lù fi gbára lé e. Ọyẹ́ oṣù Kìíní ló dán an wò fún mi. Ètè wa là, gìgísẹ̀ wa là, àpótí kò là. Ìdérí rẹ̀ nìkan ló sún kì díẹ̀ tó sì ń mì nígbà tí mo bá ń rìn. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó padà sí ààyè rẹ̀.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn fún àwa tí ń ya ìlú. Eruku rẹ̀ máa ń pa ohun tó jìnnà rẹ́: òrùlé tó wà nítòsí á dúdú kedere, ti ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá, èyí tó tún jìnnà sí i á dà bí aṣọ aró tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ kò ní láti mọ òfin kankan kí ẹ tó rí i pé ibí sún mọ́, ọ̀hún jìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀dà ń gbẹ kí búrọ́ṣì tó kúrò lórí bébà. Mo máa ń tẹ́ aṣọ tútù sí ìsàlẹ̀ àpótí, ìjìnlẹ̀ ínǹṣì mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fà á gbẹ kíákíá.

Ẹsẹ̀ Láyípo la sábà ń dúró sí. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower ni, Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ìjọba, àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń lọ́ yípo bí ìgbín ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́. Mo ti gbé àpótí gun òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kọ́ ọrùn, mo sì ya àwòrán kan láì jókòó. Láti ibẹ̀, gbogbo ìlú Olúyọ̀lé ń bẹ níwájú yín, gbọ̀ngán Mápó lórí òkè tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, àti páànù, páànù, páànù.

Ó pẹ́ kí n tó mọ àwọ̀ páànù wọ̀nyẹn. Pupa ni mo kọ́kọ́ ń lò, ó sì ń jáde bí ọgbẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì wa ló ní kí n po burnt sienna, àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, pọ̀ mọ́ búlúù ultramarine. Bí búlúù bá pọ̀, ẹ ó rí àwọ̀ eérú fún òjìji. Bí burnt sienna bá pọ̀, ẹ ó rí páànù tí òjò ti rọ̀ lé fún ọdún pípẹ́. Àwọ̀ méjì péré, ìdajì ìlú ti jáde. Páànù tuntun tó ń kọ mànà ní ti tirẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kàn án: ẹ fi bébà sílẹ̀ ní funfun. Nínú ọ̀dà olómi, ohun tí ẹ kò yà ni ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo ń ya àwòrán lórí itan, n kì í mọ irú nǹkan báyìí, torí pé orí mi wà nílẹ̀, ẹ̀yìn mi sì kọ sí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun tí àpótí yìí ṣe fún mi jùlọ nìyí: ó mú mi dìde dúró láàárín àwọn ènìyàn mi. Àwòrán mi wà níbi tí ojú wọn lè dé. Awakọ̀ wa á kọjá lẹ́yìn mi, á ní: "Màmá, ẹ di ojú yín díẹ̀, ẹ ó rí i pé igi yẹn dúdú ju ilé lọ." Mo di ojú mi díẹ̀, mo sì rí i. Ọmọ ogún ọdún á béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí n dáwọ́ dúró. Nígbà tí a bá parí, a ó tẹ́ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ lórí koríko, oníkálukú á sọ ohun tó rí nínú ti ẹnìkejì. Òkè kan náà, àwòrán mẹ́sàn-án, kò sí méjì tó jọra.

Àwọn ará àdúgbò náà ń sún mọ́ wa. Ní oṣù Kejìlá, bàbá àgbà kan dúró tì mí fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti yọ ilé kékeré kan kúrò kí igi máńgòrò lè ráyè. Ó na ìka sí àyè náà, ó ní: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ ti wó ilé wa." Mo tọrọ àforíjì. Mo mú búrọ́ṣì, mo sì fi òrùlé náà padà lójú rẹ̀. Ó wá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí mi, kóo, kóo, ó tẹ́tí sí i. "Ọmọ̀ rèé," ló wí. Ìdílé Àyàn ni wọ́n. Òun ló sọ fún mi pé kí n má ṣe fi àpótí yìí sínú oòrùn lẹ́yìn òjò, kí n jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é láti ọjọ́ yẹn.

Àléébù rẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni kàfíńtà dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Irin kékeré tó so ìdérí mọ́ àpótí ti dípẹtà láti ìgbà òjò àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ ní idẹ lẹ fẹ́. Fáníìṣì ibi tí mo ti ń po ọ̀dà bó láàárín oṣù méjì, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu àwọ̀. Mo gé táìlì funfun ilé ìwẹ̀ kan bá àyè náà mu, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì sàn ju fáníìṣì lọ nítorí pé àwọ̀ ń hàn lórí funfun bó ṣe máa hàn lórí bébà.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹta, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, gbogbo wa mẹ́sàn-án, àpótí mi wà lábẹ́ àga láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A gun Olúmọ. Àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá di nígbà ogun kò ṣeé yà kíákíá: ó ní eérú, ó ní dúdú níbi tí omi ti ń ṣàn láti ayébáyé, ó tún ní pupa rẹ́súrẹ́sú nígbà tí oòrùn bá bà á. Mo kọjú sí ìlú, mo ń ya ṣọ́ọ̀ṣì Aké láàárín àwọn òrùlé. Afẹ́fẹ́ dé. Nọ́ọ̀tì ìdí àpótí tú kúrò, torí gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àpótí yí po, omi inú ife mi sì dà sórí wákàtí kan ààbọ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Télọ̀ àgbà wa gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó fi ètí ìborùn rẹ̀ fa omi kúrò, ó ní kí n má ya nǹkan kan mọ́. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí, ìlú náà dà bí èyí tí òjò ń rọ̀ sí.

Skúrù mẹ́rin ni kàfíńtà fi de nọ́ọ̀tì náà lẹ́yìn ìyẹn, kò sì gba kọ́bọ̀. Èmi náà ti kọ́ láti so àpò tí mo kó òkúta sí mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà.

Ẹni tó ń lo ọ̀dà elépo kò ní gbádùn rẹ̀, kò sí àyè fún àwòrán tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó fẹ́ràn bébà ńlá náà, kó má dààmú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwa olómi tí a ń ya ohun tí kò ju ojú ìwé lọ, n kò rí irú rẹ̀. Ti òkèèrè tí mo béèrè owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, bó bá sì bàjẹ́, ọwọ́ ta ni màá gbé e lọ? Ní 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní London, ṣe túùbù páànù tí a ń fún ọ̀dà jáde nínú rẹ̀. Kí ó tó dìgbà yẹn, àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀dà elépo sí, ó máa ń bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ayàwòrán lè kó ẹrù wọn jáde lọ sí oko àti etí odò. Mo ń rò ó nígbà tí mo bá ń ti àpótí mi pa.

Mo ti san ₦20,000 sílẹ̀ fún èkejì. Awakọ̀ wa ni mo ń ṣe é fún. Ọwọ́ òsì ló fi ń yàwòrán, nítorí náà mo ní kí wọ́n yí àyè búrọ́ṣì sí apá òsì, kí wọ́n fi idẹ de ìdérí, kí wọ́n sì fi skúrù de nọ́ọ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni kàfíńtà tún dá. Mo ti sọ fún awakọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni.