Kòròpé Arówómọlé sí Tákíè: oṣù mẹ́ta tí èmi àti ìyá mi ti ń wọ̀ ọ́

Ẹni ọdún 78 ni ìyá mi, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo máa ń mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Bowen, tí àwọn àgbà ìlú wa ṣì ń pè ní Baptist. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà la máa ń gùn. Ọjọ́ tí ọ̀kadà kan gbé wọn ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀ ni mo búra pé ó tó gẹ́ẹ́. Kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ló kù. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti ń wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní òbí tó ti dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí a ṣe rí i.

Ibi tó dára ni kí n kọ́kọ́ sọ. Owó rẹ̀ kò ga jù. 200 náírà la máa ń san dé Tákíè, ọ̀kadà kì í sì í gba ohun tó kéré sí 500 lọ́wọ́ wa. Òjò kì í pa wá. Àwọn awakọ̀ tí a bá pàdé, ọmọlúàbí ni púpọ̀ nínú wọn. Tí ìyá mi bá ti ní "ó wà o!", wọn a dúró pátápátá, wọn a dúró títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó síwájú. Abẹ́ ìjókòó iwájú yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì kòròpé wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mò ń tọ́jú ìyá mi ni mo fi ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, nítorí àyè ẹsẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ń gbé ìdí sókè. Mo ṣẹ́ ìborùn mi ní ìṣẹ́po mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn, síbẹ̀ ooru náà là á kọjá. Ìlà àárín ló dára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kí wọ́n wá fa ẹsẹ̀ wọlé lẹ́yìn, ọwọ́ kan lára irin ẹ̀yìn àga iwájú. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, orúnkún kì í sì í ro wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni ìdúró. Kòròpé kì í gbéra àfi tó bá kún: ẹnì kan síwájú, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago méje kọjá ìṣẹ́jú 10 la wọlé, a di mẹ́fà. "Ó ku ẹnì kan! Tákíè, ẹnì kan!" Ẹni kan yẹn kò dé. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkùnrin tó jókòó síwájú bínú bọ́ọ́lẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Ó wá ku ẹni méjì. Nígbà tí a ó fi dé ilé ìwòsàn, nọ́ńbà 64 ni wọ́n fún wa. Ìyá mi kò tíì jẹun láàárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n.

N kò bá awakọ̀ jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti lé ní 480, ó sì ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ta ni yóò fi àga òfìfo rìn? Ó tún wá burú sí i nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, bá gba ìsinmi. Èrò dín kù, ọkọ̀ kò dín, ìdúró a sì gùn sí i.

Ìyá mi sọ pé ìlú wa kò mọ ọkọ̀ tó ń rìn pẹ̀lú aago rí. Òótọ́ ni. Rélùwéè gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin, kò yà sọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ìyá mi dé láti Tamale, òun náà kò gbéra àfi ìgbà tó kún.

Ní ọdún 2023 kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú kún ètò ìrànwọ́ tí wọ́n pè ní SAfER. Mo wọ ọ̀kan ní Ìbàdàn, ìjókòó rẹ̀ tuni lára. Èmi kò tilẹ̀ bèèrè bọ́ọ̀sì ńlá. Kí àwọn kòròpé wa ní ìgbéra mẹ́ta péré láàárọ̀, aago méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, yálà ọkọ̀ kún tàbí kò kún. Aránṣọ ni mí. Tí mo bá dá ọjọ́ fún oníbàárà, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kó padà wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí a jẹ́ márùn-ún nínú ọkọ̀, tó ku ẹni méjì. Mo ṣírò rẹ̀: 400 náírà ni àga méjì, a jẹ́ márùn-ún, ó di ọgọ́rin-ọgọ́rin. Mo ní, "Bọ̀dá, tí a bá dá owó àga méjì yẹn, ṣé ẹ ó gbéra?" Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ na owó. Ọkọ̀ gbéra. Nọ́ńbà 11 la gbà lọ́jọ́ náà.

Awakọ̀ yẹn ti mọ̀ wá báyìí. Tó bá ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, yóò ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn sún wọlé: "Màmá ń bọ̀. Ọgọ́rin-ọgọ́rin yín dà?"