Ọjọ́ méje tí a fi fóònù ya ìdẹ́yẹsí ní Ilé-Ifẹ̀: ohun tí ojú mi rí

Kí n tó dé ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méje yìí, mo rò pé wọ́n kàn máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ya fídíò, kí wọ́n fún wa ní sátífíkéètì, kí oníkálukú máa lọ. Ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Jámánì la jọ pàdé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí èèyàn márùn-ún márùn-ún fi fóònù ya fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìdẹ́yẹsí.

Ọ̀rọ̀ ilé wíwá ni ẹgbẹ́ tiwa mú. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí onílé kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Ọmọ ibo ni ẹ́?" kó tó dáhùn ìkíni rẹ. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 ti rọlẹ̀, ìbéèrè yẹn ò rọlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n bí ní Sàbó wà láàárín wa. Hausa ni wọ́n ń sọ nílé wọn, àmọ́ tó bá sọ Yorùbá, ọmọ Ifẹ̀ pátápátá ni. Ó ní láti ìgbà rògbòdìyàn Yorùbá àti Hausa ní Sàbó ní 2017, ẹ́jẹ́ǹtì tó bá gbọ́ ohùn òun lórí fóònù á ní yàrá wà. Tó bá ti gbọ́ orúkọ òun, yàrá á tán. Ọmọbìnrin Jámánì tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Tọ́kì pariwo pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún òun ní Berlin, bẹ́ẹ̀ òfin tó ka irú ẹ̀ léèwọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 2006. Tiwa náà wà nínú ìwé òfin 1999, abala 42, àmọ́ òfin àti ìṣe ìjọba ni abala yẹn ń bá wí.

Ọjọ́ kẹta ni mo kọ́gbọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin yìí jókòó sórí àpótí, mo dúró, mo ń yà á láti òkè. Olùkọ́ fi fídíò náà hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí mo ṣe kéré. Mo dà bí ẹni tó ń tọrọ owó." Ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo gbé fóònù dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀, a tún un yà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, àmọ́ ó ti di ẹni tí èèyàn ń tẹ́tí sí. Láti ìgbà yẹn, òun ló ń sọ ibi tí a ó gé. Ó ní ká yọ orúkọ àdúgbò kan. Ó ní ká fi ibi tí ìyá òun ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Èmi ì bá ti gé e.

Ohun tó dùn mí ni èdè. Òyìnbó nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìjíròrò, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń sọ Faransé sì ń jókòó bí ẹni tí wọn ò pè. Òyìnbó náà ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù. Nígbà tí a gbé e lọ sí Sàbó, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Jámánì sí ìyá tirẹ̀ létí. Ọjọ́ kan péré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gígé fídíò náà kéré jù, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ba ohùn jẹ́.

Síbẹ̀, màá tún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ pẹ̀lú fóònù tí àyè wà nínú rẹ̀ dáadáa. Fíìmù wa wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà. Àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tó bá ní ká má fi hàn mọ́, a ò ní fi hàn mọ́.