Kọ́ọ̀sì ojúṣe ẹnjiníà tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ó dáa gan-an, àmọ́ ó kù síbì kan

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ṣe fún àwa ẹnjiníà, ojúṣe wa sí aráàlú ló dá lé, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé ó dáa, ó tó ohun téèyàn ń jókòó tì. Ọ̀pọ̀ irú kọ́ọ̀sì báyìí, wọ́n á kàn máa ka òfin síni létí ni, èèyàn á máa tẹ "next", "next", títí ìwé ẹ̀rí á fi jáde, ó tún di ìgbà tí láísẹ́ǹsì bá fẹ́ parí. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń kọ́ni nínú ẹ̀ mọ iṣẹ́, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé wọ́n ti gbé àwòrán iṣẹ́ wá bá òun náà rí pé kó tètè bá wọn lù ú lóǹtẹ̀ káwọn ará sáìtì lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Apá kìíní ò gùn. Ìwé òfin NSPE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ látorí pé ààbò, ìlera àti ire aráàlú ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Gbogbo wa la mọ ìyẹn sórí. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé wọn ò dúró síbẹ̀, wọ́n lọ síbi tí òfin yẹn ti ní kí ẹnjiníà má fọwọ́ sí àwòrán tí wọn ò ṣe lábẹ́ ìdarí ẹ̀, tàbí èyí tí ìmọ̀ tiẹ̀ ò tó, ibẹ̀ ni wọ́n sì so gbogbo kọ́ọ̀sì yòókù mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba orí afárá kọjá ò mọ ìṣirò kankan, kò mọ̀ wá rí, òǹtẹ̀ tá a lù yẹn ló gbẹ́mìí ẹ̀ lé láìmọ̀.

Apá kejì ni baba gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ hótẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City ni. Nírọ̀lẹ́ July 17, 1981, èèyàn bí 1,600 ló wà ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó, tí afárá ìrìnsẹ̀ méjì tó so rọ̀ látòkè fi já, ti àjà kẹrin bọ́ lé ti àjà kejì, méjèèjì bọ́ lé àwọn èèyàn lórí. Èèyàn 114 ló kú, àwọn tó fara pa lé ní 200. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti yunifásítì, àmọ́ mi ò tíì rẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ bíi tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán àkọ́kọ́ síwájú ẹ, ọ̀pá irin gígùn kan ṣoṣo tó wá látòkè, tó gba inú bíìmù àjà kẹrin kọjá, tó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ti àjà kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé èyí tí wọ́n padà kọ́ wá, ọ̀pá méjì, ọ̀kan látòkè wá dé bíìmù àjà kẹrin, èkejì bẹ̀rẹ̀ látara bíìmù yẹn náà lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irin ló fẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn, torí ọ̀pá gígùn yẹn máa gbà kí wọ́n yọ thread, ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gbà wọlé, sí i lára látìsàlẹ̀ títí dé àjà kẹrin.

Fídíò á wá dúró, wọ́n á ní kó o fúnra ẹ sọ ohun tó yí padà kó o tó tẹ̀ síwájú, kò sì ní lọ tó ò bá kọ nǹkan sílẹ̀. Ìgbà tó o bá kọ ọ́ tán ni wọ́n tó ní kó o fojú inú wo èèyàn méjì tó di okùn kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ wá jọ̀wọ́ okùn kó di ẹsẹ̀ ẹni òkè mú. Ẹrù tó wà lórí okùn ò tíì yí padà, àmọ́ ọwọ́ ẹni òkè ti ń gbé èèyàn méjì. Nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ bíìmù àjà kẹrin lọwọ́ yẹn. Wọ́n tún fi kún un pé àwòrán àkọ́kọ́ gan-an ò kúnjú òfin, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí òfin ìkọ́lé ìlú náà béèrè ló lè gbé.

Ohun tó dùn mí wọra ni pé ìkìlọ̀ ti wá. Ní 1979, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ, apá kan lára òrùlé gbọ̀ngàn yẹn já, àwọn ẹnjiníà sì ní àwọn máa tún gbogbo ìsopọ̀ yẹ̀ wò. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jókòó ṣe ìṣirò ìsopọ̀ kan yìí. Àwọn tó ṣe irin ní àwọn pè lórí fóònù gba àṣẹ, àwọn ẹnjiníà ní àwọn ò rántí irú ìpè bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀ ẹnjiníà sì wà lára shop drawing, ìyẹn àwòrán tí àwọn tó ń ṣe irin fi ń ṣiṣẹ́. Kọ́ọ̀sì yìí ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti sá pa mọ́ sẹ́yìn "agbaṣẹ́ṣe ló yí i padà", wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó lu òǹtẹ̀ ló ni ín, òun náà sì ni ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí hótẹ́ẹ̀lì náà wà, gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ẹ tiẹ̀ gbọ́ pé Jack Gillum tó ni ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà yẹn padà ń lọ bá àwọn ẹnjiníà mìíràn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ wọ̀ mí lára.

Apá kẹta ni mi ò ti gbà fún wọn. Ilé Citicorp alájà 59 ní New York ni, èyí tí àwọn òpó ẹ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́ dípò igun. Ní 1978 William LeMessurier, ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò ilé náà, rí i pé bóòtù ni wọ́n fi de àwọn irin tó yẹ kí wọ́n jó pọ̀, àti pé atẹ́gùn tó bá gba igun wọlé lè ṣe é léṣe. Ó lọ sọ fáwọn tó ni ilé, àwọn wẹ́dà ń jó irin mọ́ ọn lálaalẹ́ títí ó fi lágbára. Kọ́ọ̀sì náà ń yìn ín bí akọni, mo gbà pé ẹlòmíì ì bá panu mọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn, àwọn tó ń gbé ní àdúgbò ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, 1995 ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú síta. Ire ta ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú ní apá kìíní? Wọn ò bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn rárá, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ Diane Hartley, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe lórí ilé náà tó sì ti ń béèrè nípa atẹ́gùn igun yẹn. Mo kọ̀wé sí wọn lórí ẹ̀, wọ́n fèsì pé àwọn á wò ó.

Ibi tó kù tó dùn mí jù nìyí o: wọn ò kọ́ni béèyàn ṣe ń sọ pé rárá. Wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ péré sọ̀rọ̀ Challenger, ọkọ̀ òfuurufú NASA tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú. Lálẹ́ January 27, 1986, Roger Boisjoly àtàwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Morton Thiokol, ilé-iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e gbéra, ní kí wọ́n má gbéra, pé òtútù ò ní jẹ́ kí rọ́bà O-ring dí ojú ìsopọ̀ dáadáa, ọ̀gá kan wá sọ fún ọ̀gá àwọn ẹnjiníà pé kó bọ́ fìlà ẹnjiníà kó dé fìlà máníjà, ó dé e, lọ́jọ́ kejì èèyàn méje kú. Wọ́n ní ká ní ìgboyà bíi Boisjoly. Ó dáa, àmọ́ Boisjoly ò fi ìgboyà nìkan ṣe é, ó ti kọ̀wé sílẹ̀ láti July 1985, ó kọ ohun tó lè bàjẹ́ àti ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ jáde. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tí ọ̀gá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "fọwọ́ sí i jàre", ohun tó nílò ni kí wọ́n fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn án: ìsopọ̀ wo, ẹrù mélòó, kí ló kù tí mo fẹ́ rí kí n tó fọwọ́ sí i, ta ni mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, tí wọ́n bá ṣì tẹ̀ síwájú ta ni mo kàn máa lọ bá. Òfin NSPE gan-an ní bí wọ́n bá borí ẹ nínú ọ̀rọ̀ tó lè gbẹ̀mí èèyàn, kó o jẹ́ kí ọ̀gá ẹ àti aláṣẹ tó yẹ mọ̀. Wọ́n ka gbólóhùn yẹn jáde, wọ́n sì kọjá lọ.

Nǹkan kan ò sí níbẹ̀ fáwọn tó ń kọ software pẹ̀lú, ó ṣeni láàánú, torí Boeing 737 MAX méjì tó já ní 2018 àti 2019, tí èèyàn 346 kú, MCAS, ètò software tó ń dá tẹ imú bàálù sísàlẹ̀, tó gbọ́kàn lé sensor kan ṣoṣo, wà lára ohun tó fà á.

Ìdánwò ìparí ẹ̀ rọrùn jù, ohùn fídíò já gaara, ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ ẹ̀ bá a mu. Tó o bá ń fọwọ́ sí àwòrán ilé tàbí afárá, ṣe é, mú bébà àti bírò dání fún apá kejì, má sì sáré kọjá ibi tí fídíò ti dúró yẹn. Tó bá jẹ́ software niṣẹ́ ẹ, ní sùúrù títí wọ́n á fi fi apá tiyín kún un.