Óòtì gígé, óòtì pẹlẹbẹ, óòtì sáṣẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí ẹ rà?

Oríṣi óòtì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí àtẹ, mo sì ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ò kúrò nílé mi títí dòní, ọ̀kan ni mo fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, ọ̀kan sì jẹ owó mi gbé.

Hóró kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n fi irin gé wẹ́wẹ́ ni páálí máa ń pè ní steel-cut, ó le kókó bí ìrẹsì tó fọ́. Èyí tí wọ́n fi ooru omi rọ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ pẹlẹbẹ, ni rolled. Ti sáṣẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, wọ́n ti sè é ṣáájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́, omi gbígbóná nìkan ló ń dúró dè.

Àǹfààní fún ọkàn

Ọgbọọgba ni wọ́n jọ wà níbí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú óòtì ni beta-glucan, fáíbà tó máa ń yọ́ sínú omi, òun náà ló ń jẹ́ kí óòtì máa yọ̀ nínú abọ́. Ó máa ń di omi òróòro mú nínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ọ̀rá tó lè dí iṣan ọkàn bó bá pọ̀ jù, láti fi ṣe òróòro tuntun. Lọ́dún 1997 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà kí àwọn tó ń ṣe óòtì kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù 3 fáíbà yìí lójúmọ́, tí kò sì fi ọ̀rá pá oúnjẹ yòókù lórí. Nǹkan bíi gíráàmù 75 óòtì gbígbẹ ló ń gbé e. Ẹni tó bá ní ti sáṣẹ́ẹ̀tì ò ní fáíbà, irọ́ ló pa.

Ṣúgà

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti eléyìí. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Mo rí àwòrán ọkàn pupa níwájú páálí kan, mo rí àwòrán oyin, mo bá ra páálí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárọ̀. Oògùn wọn ò yí padà. A dá búrẹ́dì lẹ́bi, a dá èso lẹ́bi. A tún ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló ti bàjẹ́, mo bá ra tuntun. Ohun kan náà ni tuntun ọ̀hún ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ní, “Óòtì yìí mà dùn o. Ṣé o fi ṣúgà sí i ni?” Mo ní rárá o. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì wò. Èyí tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ nínú àwọn èròjà; bí wọ́n ṣe kọ óòtì tán báyìí, ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Gíráàmù 12 ní sáṣẹ́ẹ̀tì kan. Ṣíbí tíì kan sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Mo bu ṣíbí mẹ́ta sínú àwo, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wo àwo, wọ́n wo ojú mi: “Ìwọ náà lo rà á wá.” Méjì ni wọ́n sì ń jẹ láàárọ̀, torí pé ọ̀kan kì í yó wọn.

Kódà èyí tí kò ní ṣúgà rárá máa ń yára dà nínú ikùn. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí oúnjẹ ṣe ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, bíi 55 ni gígé àti pẹlẹbẹ wà. Ti sáṣẹ́ẹ̀tì máa ń kọjá 70.

Sísè

Sáṣẹ́ẹ̀tì ló gbégbá orókè, ìṣẹ́jú méjì péré. Pẹlẹbẹ ò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ sì lè rẹ ẹ́ sínú mílíìkì mọ́jú láìdáná rárá. Gígé? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná, tí ẹ bá sì kẹ̀yìn sí i pẹ́nrẹ́n, ó ti hó dà sílẹ̀. Ìkòkò kejì tó jóná mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo gbé ìyókù fún aládùúgbò.

Ìlò mìíràn

Pẹlẹbẹ ò ní orogún níbí. Ẹ lè lọ̀ ọ́ ṣe ìyẹ̀fun, ẹ lè fi ki ọbẹ̀, ẹ lè fi so ẹran lílọ̀ pọ̀ dípò búrẹ́dì. Bí ara bá ń yún yín, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ da ṣíbí kan sínú ife omi: bí omi bá funfun bíi mílíìkì, ó ti tó dà sínú omi ìwẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó bá ń sun sísàlẹ̀, ẹ tún un lọ̀. Ẹ má fi aládùn ṣe é o, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí èèrà wá kí yín.

Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba glúténì, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, kó wá èyí tí páálí rẹ̀ sọ pé kò sí nínú rẹ̀, torí óòtì sábà máa ń bá àlìkámà pàdé lóko àti nílé iṣẹ́.

Èwo wá ni?

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní sùúrù àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gígé dáa fún un. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, kó mú sáṣẹ́ẹ̀tì tí kò ládùn dání. Gbogbo àwa yòókù, pẹlẹbẹ. Òun ni ìyá mi ń jẹ báyìí. Páálí yòówù tí mo bá gbé wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yí wò.