Àwọn bíríkìlà tó mọ fẹ́ǹsì wa l'Ológunẹ́ru

Iṣẹ́ wọn dáa, owó wọn ló ga. Ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi òjò sì máa ń ti ògiri látẹ̀yìn, torí náà ẹni tó máa fi irin sínú búlọ́ọ̀kù ni mo wá, kì í ṣe ẹni tó máa kàn tò ó léra.

Ibi igun ló wù mí jù. Látinú ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti gbé irin 12mm jáde, ó gba inú ihò búlọ́ọ̀kù lọ sókè, wọ́n sì ń da kọnkéré sí i bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n lọ. Ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ ló ń fi ọ̀pá gún un kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Níbi tí irin kan bá parí sí, wọ́n á jẹ́ kí òmíràn bá a rìn tó ìdajì mítà, kí wọ́n tó fi wáyà so ó. Irin bẹ́líìtì òkè, ìyẹn kọnkéré tó yí orí ògiri ká, ńkọ́? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ yí igun ni. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà á gé e síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ògiri á sì ti là.

Ọ̀gá wọn sọ fún mi pé: "Mọ́mì, ẹ má wo ojú búlọ́ọ̀kù o, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò."

Àléébù wọn ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kì í bomi rin ògiri àfi tí mo bá pariwo. Símẹ́ńtì, ẹ yáa rà á fúnra yín. Mo ti ní kí wọ́n wá wo bọ́ìsì-kọ́tà tá a fẹ́ kọ́.